Run-flat tó dúró gbọn-in lè jẹ́ òfìfo

Ẹni tó bá ra BMW tàbí Mercedes tòkunbọ̀ láti Kútọnu wá sí Àjàṣẹ́ kì í pẹ́ gbọ́ ọ: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, run-flat ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Bó jò gan-an, ẹ máa wà á lọ." Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó ṣòro láti gbà lẹ́nu èèyàn. Táyà tí wọ́n ń pè ní run-flat yìí lè rìn láìsí atẹ́gùn lóòótọ́. Àmọ́ ìrìn àtidé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa tún un ṣe ni, kì í ṣe ìrìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí oṣù kan. Èyí tó ń jò díẹ̀díẹ̀ ló léwu jù, torí pé agbára tó fi ń gbé mọ́tò dúró náà ló fi ń bo jíjò rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nínú táyà lásán, atẹ́gùn ló ń gbé mọ́tò. Ẹ̀gbẹ́ táyà kàn ń di atẹ́gùn náà mú ni. Ti run-flat yàtọ̀: wọ́n fi rọ́bà tó nípọn, tó lè fara da ooru, kún inú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ̀gbẹ́ náà lè gba ẹrù sórí ara rẹ̀ bí atẹ́gùn bá tán. Ṣùgbọ́n kì í gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo ìgbà tí táyà bá yí, ẹ̀gbẹ́ náà á tẹ̀, á tún nà, ooru á sì máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Ooru yẹn ló ń pa á. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi sábà máa ń sọ pé, bí atẹ́gùn bá ti tán, ẹ má rìn ju 80 km lọ, ẹ má sì sá eré ju 80 km ní wákàtí kan. Bí èrò àti ẹrù bá kún mọ́tò, ìwé ìlò àwọn BMW kan já a wá sí nǹkan bí 50 km.

Ẹ wá fi ìyẹn wo ọ̀nà tiwa. Àjàṣẹ́ sí Kétu ju 90 km lọ. Sábẹ sí Parakou ju 140 km lọ. Bí iná tó ń kìlọ̀ nípa táyà bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó kúrò ní Àjàṣẹ́, tí géèjì tí a fi ń wọn atẹ́gùn sì fi hàn pé atẹ́gùn ti tán, Kétu ò ṣeé dé lórí táyà yẹn, ẹ yí padà. Bí ẹ bá ti kọjá Sakété, Pobè ni kí ẹ ti wá ẹni tó ń lẹ táyà. Lórí ilẹ̀ pupa tó kún fún kòtò, ẹ má tiẹ̀ retí pé ẹ máa rìn tó 80 km.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé 80 km yìí kì í tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹ bá fún táyà ní atẹ́gùn. Ẹlòmíì á fún un ní 2.4 bar (kílò) láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ó ti di 1.5, á tún fún un, á máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lójú tirẹ̀, ó ń tọ́jú táyà. Gbogbo ìrìn tó rìn lórí 1.5 yẹn, pàápàá tó bá sá eré, ẹ̀gbẹ́ táyà gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tí ooru bá sì bàjẹ́ nínú rọ́bà kì í san. Ọjọ́ tí ìṣó bá wá wọlé tí atẹ́gùn tán pátápátá, táyà tí wọ́n ń fọkàn tán kò ní rìn jìnnà kó tó ya.

Kí ẹ tó gbára lé e rárá, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá run-flat ni. Ẹni tó ní mọ́tò náà tẹ́lẹ̀ lè ti fi táyà lásán pààrọ̀ rẹ̀. Ara ẹ̀gbẹ́ táyà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí: Bridgestone ń kọ RFT, Michelin ń kọ ZP, Continental ń kọ SSR, Goodyear ń kọ ROF. Lára Mercedes, MOE ni run-flat, MO lásán kì í ṣe òun. Ìràwọ̀ kékeré tó ń wà lára táyà BMW ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ: ohun tó ń sọ ni pé BMW fọwọ́ sí táyà náà, kò sọ pé run-flat ni.

Ojú ò lè wọn atẹ́gùn run-flat. Ẹ lè to méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan ní 2.4, èkejì ní 1.4, kí ẹni tó dúró tì wọ́n má rí ìyàtọ̀. Fífi ẹsẹ̀ ta á náà ò sọ nǹkan kan. Géèjì nìkan ló lè sọ ọ́, nígbà tí táyà bá tutù, ìyẹn ni pé mọ́tò ti dúró fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán. Iye tó yẹ kó wà níbẹ̀ wà lára ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, ní bar, tí àwọn tó ń fún táyà ní atẹ́gùn lọ́dọ̀ wa ń pè ní kílò. Ẹ má lo èyí tí wọ́n kọ sára táyà fúnra rẹ̀: ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá nìyẹn.

Táyà tó dáa náà lè pàdánù tó 0.1 láàárín oṣù kan. Èyí tó bá pàdánù 0.2 tàbí 0.3 láàárín ọ̀sẹ̀ kan ń jò. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi ti òtútù kún un, torí bí ìgbóná ojú ọjọ́ bá fi 10 dígírì lọ sílẹ̀, atẹ́gùn náà á dín ní nǹkan bí 0.1. Ẹni tó fún táyà ní atẹ́gùn nínú oòrùn ọ̀sán ní Sábẹ lè rí iná lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ní ìdájí, láìsí ihò kankan níbẹ̀.

Iná ọ̀hún náà kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó péye. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ní sẹ́ńsọ̀ nínú táyà kọ̀ọ̀kan, tó ń wọn atẹ́gùn gan-an. Sẹ́ńsọ̀ yìí ní bátìrì tó máa ń kú lẹ́yìn ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ sì ti kọjá bẹ́ẹ̀ kó tó gúnlẹ̀ sí Kútọnu. Bí iná náà bá ṣẹ́jú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan kó tó dúró, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Oríṣi kejì, tó pọ̀ lára BMW àtijọ́, kò ní sẹ́ńsọ̀ nínú táyà. Ó kàn ń fi bí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí wé ti èkejì ni. Bí atẹ́gùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ ń dín kù pọ̀, kò rí nǹkan kan. Ìwà kan sì wà tó ń bí wa nínú: iná tàn, awakọ̀ tẹ bọ́tìnì tó ń pa á rẹ́ láìfún táyà ní atẹ́gùn. Ohun tó ṣe yẹn ni pé ó kọ́ mọ́tò náà láti máa rí 1.6 bí ohun tó dáa. Kò ní kìlọ̀ fún un mọ́ àfi bí atẹ́gùn bá tún lọ sílẹ̀ gan-an sí i.

Láti wá ibi tó ń jò, ẹ po ọṣẹ olómi ṣíbí kan tàbí méjì mọ́ omi lítà kan, ẹ kọ́kọ́ fún táyà ní atẹ́gùn tó pé, kí ẹ wá dà á sí i. Ojú táyà ni gbogbo ayé ń wò, wọ́n ń wá ìṣó. Ẹ tún dà á sí ẹnu fáàfù, sí ìdí fáàfù, àti sí ibi tí táyà ti pàdé rìmù níta àti nínú. Níbi tó bá ti ń jò, ìfófòó wẹ́wẹ́ á máa yọ díẹ̀díẹ̀, nígbà míì ó máa ń tó ìṣẹ́jú kan kí ó tó hàn, nítorí náà ẹ má kánjú.

Lójú ọ̀nà tiwa, rìmù ni a máa ń kọ́kọ́ fura sí ju táyà lọ. Ẹ̀gbẹ́ run-flat le. Bó bá já sí kòtò, kì í tẹ̀ púpọ̀, ó máa ń gbé ipá ìkọlù náà fún rìmù alumíníọ̀mù tààrà, pàápàá táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrú lórí rìmù íǹṣì 18 tàbí 19. Inú, ní apá tó kọjú sí abẹ́ mọ́tò, ni rìmù ti sábà máa ń sán, níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè rí láìtú ẹsẹ̀ náà. Ẹlòmíì á lẹ táyà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, nígbà tó jẹ́ pé ihò kankan ò sí lára táyà. Ẹ da omi ọṣẹ yí inú rìmù ká. Bí ẹ bá rí ibi tó sán, ká pààrọ̀ rìmù ló dáa jù lójú wa. Fífi iná jó o pọ̀ lè di atẹ́gùn mú, àmọ́ ooru iná náà máa ń sọ alumíníọ̀mù di aláìlágbára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n jó pọ̀.

Bó bá jẹ́ ìṣó ni, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ sọ fún fọkanáísà ni: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u kúrò lórí rìmù, ká jọ wo inú rẹ̀ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́." Okùn rọ́bà tí wọ́n ń ti ìta kì bọ inú ihò lè gbé yín délé, ṣùgbọ́n ẹni tó fi okùn náà dí ihò kò rí inú táyà, inú ló sì ṣe kókó. Ẹ fi ọwọ́ yí inú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká. Bí ìyẹ̀fun rọ́bà dúdú bá bá ọwọ́ yín jáde, bí ẹ bá rí ìlà kan tó yí ẹ̀gbẹ́ ká bí ibi tí wọ́n ti ká a, tàbí tí rọ́bà ibẹ̀ ti yí àwọ̀ padà, wọ́n ti wa táyà yẹn láìní atẹ́gùn. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́, kódà bí ihò náà kò ju ti abẹ́rẹ́ lọ.

Bí inú rẹ̀ bá mọ́, àwọn tó ń ṣe táyà ò fohùn ṣọ̀kan. Àwọn kan ní ká má lẹ run-flat rárá, àwọn kan gbà bí ihò náà bá wà láàárín ojú táyà tí kò sì ju mìlímítà 6 lọ. Tó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ tàbí ní èjìká táyà, kò sẹ́ni tó gbà. Èyí tó ṣeé gbára lé ni àlẹ̀mọ́ tó ní ìdí tó ń wọ inú ihò, tí wọ́n ń ti inú lẹ̀.

Títú u fúnra rẹ̀ tún jẹ́ iṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ní apá ìrànlọ́wọ́ ló yẹ fún un. Òòlù àti irin gígùn máa ń fá etí rìmù, etí tí wọ́n bá fá á di ibi jíjò tuntun. Kí wọ́n má fi ẹnu ẹ̀rọ lé ibi fáàfù, torí abẹ́ ibẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ wà. Omi ọṣẹ ni kí wọ́n fi pa etí rẹ̀, kì í ṣe epo ẹ́ńjìnnì.

Ohun méjì ni kí ẹ kọ̀. Èkíní ni kí wọ́n fi tíúbù sínú rẹ̀: tíúbù á máa ha ara rẹ̀ mọ́ inú táyà, á gbóná, á bẹ́ lójijì. Èkejì ni táyà ọkàsíọ̀n (àlòkù) tí wọ́n kọ RFT sí lára tí olówó rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹ wo inú rẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Ẹni tó ń gbé ní Kétu tó sì ń rin ilẹ̀ pupa lójoojúmọ́, táyà lásán lè bá a lára mu ju run-flat lọ. Kó pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, kó ra ẹsẹ̀ àfikún, jáàkì àti sípánà, torí ọ̀pọ̀ mọ́tò wọ̀nyí kò ní ìkankan nínú bọ́ọ̀tù.

Nígbà tí wọ́n bá dá ẹsẹ̀ padà, bóòtù tí wọ́n fi ń de ẹsẹ̀ BMW, bó bá jẹ́ ìwọ̀n M12, agbára 120 Nm ni kí wọ́n fi fún un, M14 ń fẹ́ 140 Nm. Ẹ béèrè kọ́kọ́rọ́ bóòtù tó ń dènà olè kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, inú àpò oníṣẹ́ ni ó sábà máa ń bá lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní atẹ́gùn tó wà lára ilẹ̀kùn, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì tó ń pa iná náà rẹ́. Ẹ tún wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí mọ́tò tó kúrò lójú kan.