Ṣé ènìyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tó mọ̀ pé kò dára fún òun?

Ìbéèrè: Dókítà ní kí bàbá kan má mu sìgá mọ́. Bàbá gbà pé òótọ́ ni. Kò pẹ́, ó tún ṣáná sí ọ̀kan. Ṣé a lè sọ pé ó mọ̀ lóòótọ́?

Ìdáhùn: Socrates, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gíríìsì àtijọ́, yóò ní rárá. Nínú Protagoras, ìwé tí Plato akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kọ, ó takú pé kò sẹ́ni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ yan ibi fún ara rẹ̀. Adùn tó wà nítòsí ló tóbi lójú onítọ̀hún ju ìpalára tó ṣì jìnnà lọ, ló bá ṣì í ṣírò. Àìmọ̀ ni, ó parí! Ẹni tó ti gbìyànjú àtijáwọ́ nínú sìgá rí kò jẹ́ gbà fún un.

Ìbéèrè: Kí ni Aristotle, akẹ́kọ̀ọ́ Plato, wá sọ?

Ìdáhùn: Ó ní ọ̀rọ̀ Socrates tako ohun tí gbogbo wa ń fojú rí. Síbẹ̀, kò dà á nù tán. Ó ní ọ̀mùtí lè máa ka ewì Empedocles, akéwì Gíríìsì àtijọ́, lọ ràì, kí ìtumọ̀ rẹ̀ má sì yé e lásìkò náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ gbé: ẹnu rẹ̀ ń sọ pé kò dára, ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà ti sùn.

Ìbéèrè: Ṣé àwọn onímọ̀ òde òní ṣì ń bá a fà á?

Ìdáhùn: Gan-an ni. Donald Davidson, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Harvard lórí ìwé Philebus ti Plato, tú u wò ní 1970. Ó ní ìdájọ́ méjì ló wà. Ọ̀kan ni "bí mo ṣe gbé gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò, kí n má mu ún ló dára jù." Èkejì ni èyí tí ènìyàn fi ń ṣe nǹkan gan-an: "ó yá, kí n mu ún." Àwọn méjèèjì kò tako ara wọn, nítorí náà ènìyàn lè mọ̀, kó sì ṣe é. Bàbá yẹn nídìí tó fi mu sìgá. Ohun tí kò nídìí ni bó ṣe pa ìdí tó wúwo jù tì. Èmi fara mọ́ èyí ju ti Aristotle lọ, torí ọ̀pọ̀ wa ni ìmọ̀ wa kì í sùn rárá nígbà tí a bá ń ṣe é.

Ìbéèrè: Ṣé gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ó tì o. Ní 1999, Richard Holton, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ mìíràn, ní ìpinnu ni ká wò, kì í ṣe ìdájọ́. Ẹni tó pinnu láàárọ̀ láti jáwọ́, tó wá yẹ̀ ẹ́ lálẹ́ láìsí ìdí gidi, aláìlágbára ọkàn ni, ìbáà ti yí ara rẹ̀ lérò padà pé sìgá kan ṣoṣo kò burú.