Adágún Ẹ̀yìn Ilé Wa: Ta Ló Ń Tọ́jú Rẹ̀, Kí Ni Wọ́n Sì Ń Yẹ̀ Wò?

Ní ẹsíteètì wa ní Prince George's County, ìpínlẹ̀ Maryland, adágún méjì ló wà: ọ̀kan nítòsí ẹnu géètì, ìkejì lẹ́yìn àwọn ilé ìsàlẹ̀. Àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, èmi sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn adágún náà láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. N kì í lọ sóde ìsọmọlórúkọ kan kí ẹnì kan má fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti bi mí nípa wọn. Àwọn ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù nìyí, pẹ̀lú èsì tí mo máa ń fọ̀.

Ṣé torí ẹwà ni wọ́n ṣe gbẹ́ omi sáàrin ilé?

Rárá, iṣẹ́ ló wà fún. Kí wọ́n tó kọ́lé síbẹ̀, igbó àti oko ni, ilẹ̀ sì ń mu omi òjò. Ní báyìí, òrùlé, ọ̀dà títì àti kọnkéré ti bo ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ilé kan péré. Bí òrùlé bá fẹ̀ tó 2,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó, tí òjò ínṣì kan sì rọ̀ sórí rẹ̀, omi tó máa ṣàn wálẹ̀ ju 1,200 gálọ́ọ̀nù lọ. Ẹni tó bá ti pọnmi rí á mọ ohun tí mò ń sọ: kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 nìyẹn, nǹkan bíi 190. Ilé tiwa sì ju ọgọ́rùn-ún lọ, a ò tíì ka títì mọ́ ọn.

Bí gbogbo omi yẹn bá já wọ odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á jẹ bèbè odò, á sì ya wọ ilé ẹlòmíràn. Adágún ló ń gbà á, tó ń dá a dúró, tó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí omi ṣe dúró yẹn, ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ á rọlẹ̀ kí ó tó lọ sí odò Patuxent, tó ń lọ sí Chesapeake Bay, apá òkun ńlá kan tó ya wọ ilẹ̀. Láti ọdún 2010 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti fi òdiwọ̀n sí bí ẹrẹ̀, náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó ń wọ Bay yẹn ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ń gbé Ìbàdàn nígbà tí Ògùnpa ya ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Wọn kì í jẹ́ kí n ṣàlàyé dé ìdajì. Wọ́n ní àwọn ti rí omi tí kò ríbi dúró sí.

Ẹ̀gbọ́n, mo ń san owó omi òjò pọ̀ mọ́ owó orí ilé mi. Kí ló tún dé tí HOA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onílé, fi ń gba owó adágún lọ́wọ́ mi?

Owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ní 2012, ìpínlẹ̀ Maryland pàṣẹ pé kí kaúntì mẹ́sàn-án àti ìlú Baltimore máa gba owó láti fi tún ọ̀nà àgbàrá ṣe. Wọ́n sọ ọ́ di ohun tí kì í ṣe túlàásì mọ́ ní 2015, ṣùgbọ́n kaúntì tiwa ṣì ń gbà á, iṣẹ́ gbogbo kaúntì ni wọ́n sì ń fi í ṣe. Ti adágún inú ẹsíteètì yàtọ̀. Ìwé àdéhùn ìtọ́jú rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i bóyá kaúntì ló gbà á tọ́jú tàbí ẹgbẹ́ àwọn onílé. Àwa onílé ló ni tiwa. Ọ̀pọ̀ wa ló buwọ́ lu ìwé náà lọ́jọ́ tí a ń gba kọ́kọ́rọ́, láìkà á.

Ẹ tún bi ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ẹsíteètì yín fún àwòrán tó fi bí wọ́n ṣe parí adágún náà hàn. Àwọn tó kọ́ tiwa kó ẹrù wọn lọ láìfún wa ní nǹkan kan, oṣù mẹ́jọ ni a sì fi ń lọ, tí a ń bọ̀, kí a tó rí ẹ̀dà rẹ̀ gbà ní kaúntì. Láìsí àwòrán yẹn, ẹ ò ní mọ bí omi náà ṣe jìn tó tẹ́lẹ̀, ẹ ò sì ní mọ iye ẹrẹ̀ tó ti kún un.

Lẹ́ẹ̀mélòó ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò? Kí ni wọ́n sì ń wò?

Òfin Maryland ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kó máà ju ọdún mẹ́ta lọ láàrin àyẹ̀wò kan sí èkejì. Èmi ò gbà pé ìyẹn tó. Àwa máa ń rìn yí i ká lóṣooṣù, àti nígbàkígbà tí òjò ńlá bá rọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò ni òpó kọnkéré tó dúró nínú omi. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀ tí omi ń gbà jáde díẹ̀díẹ̀, asẹ́ onírin sì wà níwájú ihò náà. Bí asẹ́ yẹn bá dí, gbogbo iṣẹ́ adágún dúró nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, omi wa ga sókè fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn òjò, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó ti padà sípò rẹ̀ láàrin bíi ọjọ́ kan. Nígbà tí a débẹ̀, ewé gbígbẹ, ike omi àti bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé ló jọ dì mọ́ asẹ́, ó le bí ìdí ìkòkò tó jóná. A fi ràkì olówó gígùn yọ wọ́n láti orí bèbè, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó wọ inú òpó náà lójú wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ inú omi lọ ṣe é, bí omi ṣe ń fà sínú páìpù lè gbé ènìyàn mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tó sé omi mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí kò sí omi, ni kí ẹ ti wò ó dáadáa. Ṣé ilẹ̀ rọ̀? Ṣé ó là? Ṣé omi ń sun jáde nísàlẹ̀? Omi tó mọ́ gaara ń fẹ́ àbójútó, ṣùgbọ́n bí èyí tó ń sun bá dọ̀tí bíi ti ẹrẹ̀, ó túmọ̀ sí pé iyẹ̀pẹ̀ inú òkìtì ló ń bá a lọ. Ẹ pe ẹnjiníà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹranko kan tún wà tí wọ́n ń pè ní groundhog, tó máa ń gbẹ́lẹ̀ bí òkété. Ihò rẹ̀ nínú òkìtì lè di ọ̀nà omi.

Ilé-iṣẹ́ kan tí a sanwó fún nígbà kan kọ “ó dára” sí gbogbo ìlà ìwé àyẹ̀wò wọn, wọn ò sì dé ẹ̀yìn òkìtì rárá, torí koríko ibẹ̀ ga dé àyà mi, kò sì sí ojú ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Ní Toccoa, ìpínlẹ̀ Georgia, ìdídò oníyẹ̀pẹ̀ Kelly Barnes já lóru ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 1977, ènìyàn 39 ló kú. Tiwa kéré sí ìyẹn lọ́nà tó pọ̀, àmọ́ ilé wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń sùn nínú àwọn ilé náà.

Kí ló dé tí ẹ gé àwọn igi tó rẹwà yẹn?

Orí òkìtì ni wọ́n wà. Gbòǹgbò á wọlé lọ, nígbà tó bá yá á kú, á jẹrà, ihò tó fi sílẹ̀ ni omi á sì máa tọ̀. Ìjì náà lè fa igi tu pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀. Bí igi bá ṣì kéré, ẹ fà á tu. Bó bá ti di ńlá, ẹnjiníà ni kó sọ bí ẹ ó ṣe yọ ọ́, torí gígé orí rẹ̀ nìkan kò yọ gbòǹgbò.

Wọ́n ní a máa kó ẹrẹ̀. Ṣé kò lè dúró di ọdún míì?

Adágún kékeré kan wà níwájú èyí ńlá (n kò kà á mọ́ méjì tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀), níbi tí páìpù títì ti ń tú omi sí. Ibẹ̀ ni iyanrìn àti ẹrẹ̀ yẹ kó kọ́kọ́ dúró sí. Bó bá ti kún dé ìdajì, ẹ kó o. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, ẹrẹ̀ á rékọjá sínú adágún ńlá. Kíkó ti kékeré kì í ṣe iṣẹ́ ńlá: katapílà kan á dúró sórí bèbè, á kó o tán. Ti ńlá gba kí wọ́n fa omi gbẹ, kí wọ́n gba àṣẹ, kí wọ́n yẹ ẹrẹ̀ náà wò kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n á dà á sí. Ó lè tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ti ńlá tó tó kó, ìdí sì nìyẹn tí owó ìpamọ́ fi gbọ́dọ̀ máa wọlé lọ́dọọdún.

Ẹ̀fọn ńkọ́?

Omi tó jìn, tí ẹja wà nínú rẹ̀, kọ́ ni orísun ẹ̀fọn, ẹja ń jẹ tanwíji. Omi táńpẹ́pẹ́ inú taya, inú abọ́ òdòdó àti inú gọ́tà òrùlé tó dí ni kí ẹ wá. Ó lè máà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí ẹyin ẹ̀fọn tó di ẹ̀fọn nínú rẹ̀. Láti ẹ̀yìn ilé tiwa fúnra wa ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá.

Omi náà ti di àwọ̀ ewé. Ẹ da oògùn sí i.

Oògùn lè pa ọbẹ̀dò lónìí, ṣùgbọ́n bí òkú rẹ̀ bá ń jẹrà, á jẹ afẹ́fẹ́ inú omi tán, ẹja á kú, ọbẹ̀dò á sì padà wá. Ajílẹ̀ tí a dà sí koríko, koríko gígé tí a gbá sí títì àti ìgbẹ́ ajá ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ sì sọ fún àwọn tó ń gé koríko kí wọ́n fi ti etí omi sílẹ̀ kó ga díẹ̀. Á máa sẹ́ ìdọ̀tí, àwọn ẹyẹ ńlá tó jọ pẹ́pẹ́yẹ, tí ìgbẹ́ tiwọn náà ń bọ́ ọbẹ̀dò, kì í sì í fẹ́ gba inú koríko gíga wọ omi.

Ṣé a lè jẹ ẹja ibẹ̀?

Ẹ má jẹ ẹ́. Epo mọ́tò àti oògùn koríko gbogbo títì wa ló ń lọ síbẹ̀.

Kí lẹ máa ń mú dání tí ẹ bá ń yí i ká?

Bàtà òjò, ọ̀pá gígùn kan àti fóònù. Ibi mẹ́fà kan náà ni mo máa ń dúró sí láti ya àwòrán, lóṣooṣù. Nígbà tí mo to ti oṣù Kẹta ọdún yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oṣù Kẹwàá, mo rí i pé koríko ẹ̀yìn òkìtì ìsàlẹ̀ ti tutù yọ̀yọ̀ níbì kan tó fẹ̀ tó ẹní kan, nígbà tí gbogbo ìyókù ṣì pọ́n. Mo fi ọ̀pá gún un, ó wọlé bíi pé mo gún fùfú. Ẹnjiníà dé lọ́jọ́ kejì.