Kí Ni Rookie Card? Àpẹẹrẹ Roberto Clemente

Rookie card ni káàdì tí wọ́n tẹ̀ fún ẹni tó ń gbá bésíbọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ líìgì ńlá. Àwòrán rẹ̀ wà níwájú. Ibi tí wọ́n ti bí i àti bó ṣe ṣe sí lórí pápá wà lẹ́yìn. Ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́sí, ìdí ṣingọ́ọ̀mù ni àwọn ọmọdé ti ń rí i. Láti 2006 ni wọ́n ti ń fi lẹ́tà RC sára rẹ̀ kí èèyàn lè dá a mọ̀. Káàdì àtijọ́ kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo máa mọ ọdún tí ẹni náà wọlé.

Ti Roberto Clemente ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, torí pé nínú gbogbo ẹni tó gbá bésíbọ́ọ̀lù rí, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọ Carolina ní Puerto Rico ni, 1934 ni wọ́n bí i. Pittsburgh Pirates nìkan ló gbá bọ́ọ̀lù fún ní líìgì ńlá, láti 1955 títí di 1972. Rookie card rẹ̀ ni nọ́ńbà 164 nínú èyí tí Topps, iléeṣẹ́ tó ń tẹ káàdì, tẹ̀ ní 1955. Ìbú ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe òòró: ojú rẹ̀ gbòòrò lápá kan, àwòrán rẹ̀ kékeré wà lápá kejì, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀.

Káàdì yìí wọ́n bí ojú. Láti nọ́ńbà 161 lọ, ọwọ́ ìparí ni Topps tó kó wọn jáde lọ́dún yẹn, wọn ò sì pọ̀ tó àwọn tó ṣáájú. Àwọn ọmọ tó rà á náà ò mọ̀ pé ó máa dowó: wọ́n fi rọ́bà dì í, wọ́n há a mọ́ táyà kẹ̀kẹ́ kó lè máa dún. Ìdí nìyẹn tí igun mẹ́rin tó ṣì mú fi ń sọ iye owó di ìlọ́po ìlọ́po.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìrántí ẹni náà lò ń wá, mo gbà pé rookie card nìkan kò tó. Kó káàdì rẹ̀ lọ́dọọdún jọ, kó o wá máa ka orúkọ tó wà lára wọn. Ní 1955 àti 1956, Roberto ni wọ́n kọ. Láti 1957 títí dé 1969, Topps sọ ọ́ di Bob, ìyẹn ìgékúrú Robert lédè Gẹ̀ẹ́sì. Òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ orúkọ yẹn. Roberto ló ń jẹ́, ó sì ń sọ ọ́ fáyé gbọ́. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ọdún mẹ́tàlá gbáko ni wọ́n fi ń tẹ ohun tí kò fẹ́ sábẹ́ àwòrán rẹ̀, títí kan 1966 tí wọ́n yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù ní líìgì rẹ̀. Ní 1970 ni Roberto tó padà sórí káàdì. Rookie card kò lè sọ ìyẹn fún ọ.

Lóṣù kẹsàn-án 1972 ló gba hit ẹgbẹ̀ẹ́dógún (3,000) rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tó fi igi gbá bọ́ọ̀lù tó sì sáré dé ibùdó tó wà lórí pápá láìsí pé wọ́n rí i mú. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà, ó bá ọkọ̀ òfuurufú tó kó ẹrù ìrànlọ́wọ́ lọ fún àwọn tí ilẹ̀ ríri ṣe lọ́ṣẹ́ ní Nicaragua. Ọkọ̀ náà já sínú òkun. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni nígbà tó kú.

Topps ṣì tẹ káàdì rẹ̀ ní 1973, nọ́ńbà 50. Èyí ni màá ní kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ rà, torí owó rẹ̀ kò dé ìdajì ìdajì ti 1955. Bó bá wá di ti 1955, mú rúlà dání: ojúlówó rẹ̀ tóbi díẹ̀ ju káàdì tí wọ́n ń tẹ̀ láti 1957 lọ, àtúntẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà.