Wúrà Dietrich kò sí nínú àwòrán yẹn

Àwòrán kan wà tó máa ń tún jáde lórí fóònù wa nígbàkúùgbà tí Òlíńpíìkì bá ti ń sún mọ́lé. Ọkùnrin kan tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun, orí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹní. Òmìrán kan wà lórí àyà rẹ̀, ẹsẹ̀ òmìrán náà méjèèjì ti kúrò nílẹ̀. Ẹni tó gbé èèyàn ni Wilfried Dietrich, oníjàkadì ọmọ Schifferstadt ní Jámánì. Ẹni tí wọ́n gbé ni Chris Taylor ará Amẹ́ríkà, tó wúwo ju 180 kílò lọ. Munich ni, lọ́dún 1972. Ohun tí wọ́n sì sábà máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé bí Dietrich ṣe gba wúrà ìjàkadì freestyle nìyẹn.

Wúrà kọ́. Freestyle gan-an kọ́.

Greco-Roman, oríṣi ìjàkadì mìíràn, ni ìjà yẹn. Nínú freestyle, èèyàn lè gbá ẹni tó ń bá a jà mú lẹ́sẹ̀, ó sì lè fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ kọ́ ọ. Nínú Greco-Roman, láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, èèwọ̀ ni. Àwọn méjèèjì ti kọ́kọ́ pàdé nínú freestyle ní Munich kan náà, lọ́jọ́ díẹ̀ ṣáájú, Taylor ló sì fi àmì borí. Ẹnikẹ́ni ò tíì fi àwòrán ọjọ́ yẹn ránṣẹ́ sí mi rí.

Ẹni tó bá wo àwòrán náà á tún rò pé agbára apá ni. Ẹni tí kò ju nǹkan bí 120 kílò ò lè fi apá lásán gbé irú àjànàkú bẹ́ẹ̀ sókè. Ṣe ni Dietrich gbá a mọ́ra láyà, ó ki ìbàdí wọ abẹ́ rẹ̀, ó wá fi ara sílẹ̀ sẹ́yìn. Ìwúwo Taylor fúnra rẹ̀ ló bá a ṣe ìyókù. Èjìká méjèèjì kanlẹ̀, ìjà parí. Wọ́n ń sọ ọ́ pé Dietrich ti dì mọ́ Taylor kí ìjà tó dé, bí ẹni ń kí ọ̀rẹ́, kó lè mọ̀ bóyá ọwọ́ òun á ká a. Bó bá jẹ́ àsọdùn ni, àsọdùn tó gbọ́n ni.

Àmọ́ ìjà kan ṣoṣo nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń ka ìjàkadì nígbà náà, àmì ìjìyà ni wọ́n ń kó jọ láti ìjà dé ìjà. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti pé 6, ó di ilé. Ẹni tó bá dá ẹlòmíràn, tí èjìká onítọ̀hún kanlẹ̀, kò ní gba ìjìyà kankan lọ́jọ́ náà, ohun tó rí gbà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Anatoly Roshchin ará Sófíẹ́ẹ̀tì ló gba wúrà Greco-Roman fún àwọn tó wúwo jù. Ní ti freestyle, Alexander Medved, òun náà ará Sófíẹ́ẹ̀tì, ló gba wúrà. Taylor tí gbogbo ayé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú àwòrán gba idẹ. Dietrich ò gba nǹkan kan.

Ẹni ọdún 38 ni nígbà yẹn, Òlíńpíìkì karùn-ún rẹ̀ sì ni. Nínú márààrún, Munich nìkan ló ti lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ó gba fàdákà Greco-Roman ní Melbourne lọ́dún 1956, idẹ Greco-Roman ní Tokyo lọ́dún 1964, àti idẹ freestyle ní ìlú Mexico lọ́dún 1968. Ó tún gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé freestyle ní Yokohama lọ́dún 1961.

Róòmù ni kí ẹni tó ń wá wúrà freestyle rẹ̀ lọ, lọ́dún 1960. Hamit Kaplan ará Tọ́kì ló ṣe ipò kejì sí i. Níbi ìdíje yẹn kan náà, Dietrich tún wọ Greco-Roman, ó sì gba fàdákà.