Thelma Ritter

Thelma Ritter (14 Oṣù Kejì 1902 – 5 Oṣù Kejì 1969) jẹ́ òṣèrébìnrin ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí sí Brooklyn, ní ìlú New York. Ipa amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Hollywood: ọmọ ọ̀dọ̀, nọ́ọ̀sì, ìyá ọkọ, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún àmì-ẹ̀yẹ Oscar ní ìsọ̀rí yìí, kò sì gbà á rí.

Ìbẹ̀rẹ̀

Ó kọ́ṣẹ́ eré ní American Academy of Dramatic Arts. Ó fẹ́ Joseph Moran, òṣèré tó padà di oníṣẹ́ ìpolówó ọjà, wọ́n sì bí ọmọ méjì. Ó ṣíwọ́ iṣẹ́ láti tọ́ àwọn ọmọ náà, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò.

Sinimá

Ritter ti lé lẹ́ni ogójì ọdún kó tó dé ojú sinimá. Nínú Miracle on 34th Street (1947), tí George Seaton darí, òun ni ìyá tó ti wá ohun ìṣeré ọmọ rẹ̀ káàkiri títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Ipa náà kéré débi pé wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sójú fíìmù.

Nínú All About Eve (1950), iṣẹ́ Joseph L. Mankiewicz, ó ṣe Birdie, ẹni tó ń bá gbajúmọ̀ òṣèré tí Bette Davis ṣe múra. Birdie ló kọ́kọ́ fura sí Eve, ọ̀dọ́bìnrin tó wá sún mọ́ òṣèré náà, nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń yìn ín. Ó ṣeni láàánú pé fíìmù náà pa Birdie tì kó tó parí, síbẹ̀ ibẹ̀ ni orúkọ Ritter ti kọ́kọ́ wọ ìdíje Oscar. Láti 1950 dé 1953, kò sí ọdún tí wọn kò dárúkọ rẹ̀. Ní ti The Mating Season (1951), a lè jiyàn pé òun gan-an ló gbé eré náà, bí wọ́n tilẹ̀ kà á sí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́.

Pickup on South Street (1953), tí Samuel Fuller darí, ni ó jọ pé ó jinlẹ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Moe, obìnrin tí ó ṣe nínú rẹ̀, ń ta táì, ó sì ń ta àṣírí àwọn jáwójáwó fún ọlọ́pàá. Ó ń tọ́jú owó náà fún ilẹ̀ tí wọn yóò sin ín sí, kí ìjọba má baà sin ín síbi tí wọ́n ń sin tálákà. Nígbà tí amí kan fi ìbọn halẹ̀ mọ́ ọn pé kó jẹ́wọ́ ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé, ó kọ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì pariwo. Ritter fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ gbogbo rẹ̀, láìpa ẹnikẹ́ni lẹ́kún tipátipá.

Ó tún ṣe nọ́ọ̀sì James Stewart nínú Rear Window (1954), ọmọ ọ̀dọ̀ tí ọtí kì í sú nínú Pillow Talk (1959), àti ìyá Burt Lancaster nínú Birdman of Alcatraz (1962). Méjì tó gbẹ̀yìn yìí wà lára mẹ́fà tí wọ́n torí wọn dárúkọ rẹ̀ fún Oscar.

Orí ìtàgé

Ní 1958, òun àti Gwen Verdon jọ gba Tony, àmì-ẹ̀yẹ eré orí ìtàgé ní Amẹ́ríkà, fún eré olórin New Girl in Town.

Ikú

Ó kú ní New York, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kó pé ẹni ọdún 67.