Adènà Ẹnu Ìlà Kíndìnrín

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí ìlà epo ni ìlà àwọn tó ń dúró de kíndìnrín ní Amẹ́ríkà rí: ẹni tó bá tètè dé ni wọ́n á kọ́kọ́ dá lóhùn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń wo irú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì máa ń wo ibi tí ọsibítù wà, àmọ́ iye ọdún téèyàn ti fi dúró máa ń tẹ̀wọ̀n gan-an. Ìbéèrè tí wọn kì í bèèrè ni pé, ta ló ní kéèyàn wá tò? Nílé epo, kẹ́ẹ̀gì lásán lèèyàn máa gbé sílẹ̀. Níbí, adènà wà lẹ́nu géètì, nọ́ńbà sì ni adènà ọ̀hún.

Nọ́ńbà náà ló ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó. Tó bá já sí 20 tàbí tó lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, aago ìdúró lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Tó bá ṣì lé ní 20, ó di ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń bá onítọ̀hún fọ ẹ̀jẹ̀. Wọn kì í sábà wọ̀n ọ́n ní tààrà: creatinine inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ìdọ̀tí tí iṣan ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tí kíndìnrín sì ń sẹ́ kúrò, ni wọ́n ń wò, tí wọ́n á wá fi ọjọ́ orí àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin ṣírò rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń ro àwọ̀ mọ́ ọn. Nínú ìṣirò kan tó gbajúmọ̀, èsì aláwọ̀ dúdú á di ìlọ́po 1.159. Wọ́n ní iṣan ara àwọn dúdú ló pọ̀ jù.

Ẹ ṣírò ó wò. Aláwọ̀ funfun tí èsì tiẹ̀ jẹ́ 18 ti wọlé. Ká ní ọmọ Ìbàdàn kan tó ń gbé ní Houston náà ní 18, á di 20.9 lórí ìwé, á sì padà sílé títí àìsàn á fi le sí i. Kò sẹ́ni tó wo iṣan rẹ̀ rí.

Ní 2022, OPTN, àjọ tó ń bójú tó pínpín ẹ̀yà ara níbẹ̀, fòfin de ìṣirò yẹn. Ìyẹn ò ṣòro. Ibi tí làákàyè wà ni ti 2023: wọ́n ní kí àwọn ọsibítù tó ń pààrọ̀ kíndìnrín lọ tú fáìlì àtijọ́, kí wọ́n wá ọjọ́ tí aago aláwọ̀ dúdú kọ̀ọ̀kan ì bá ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì dá a padà síbẹ̀. Àwọn tó lé ní 14,000 ló ti jàǹfààní rẹ̀ kó tó di àárín 2024, bí ọdún méjì-méjì ní ìpíndọ́gba.

Àmọ́ orúkọ tó wà lórí ìwé nìkan ni wọ́n lè tún aago rẹ̀ ṣe. Ẹni tí dókítà rí 20.9 rẹ̀, tí kò sì darí rẹ̀ sí ọsibítù kankan láti lọ forúkọ sílẹ̀, kò ní aago tí wọ́n máa dá padà.