Kí ni deployment, kí ló sì ń jẹ́ kó rọrùn?

Ká ní àwọn ọ̀dọ́ kan ní Kétu fẹ́ kó orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jọ sójú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ohùn, fọ́tò, àlàyé orin kọ̀ọ̀kan. Wọn ò ní ra ètò kankan. MediaWiki, tí Wikipedia fi ń ṣiṣẹ́, wà lọ́fẹ̀ẹ́, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe. Àmọ́ kóòdù tó wà lọ́wọ́ ẹni kò tíì di sáìtì tí ará Àjàṣẹ́ tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ lè ṣí lórí fóònù. Gbogbo iṣẹ́ tó wà láàárín méjèèjì ni wọ́n ń pè ní deployment.

MediaWiki kì í dá ṣiṣẹ́. Ó nílò PHP, èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Ó nílò dátábéèsì, ibi tí ọ̀rọ̀ inú sáìtì ń wà, bíi MariaDB. Ó tún nílò Apache tàbí Nginx tí yóò máa dá àwọn tó bá ṣí sáìtì náà lóhùn. Ẹ̀dà wọn (version) sì gbọ́dọ̀ bára mu, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. MediaWiki 1.43 kò gba PHP tó bá kéré sí 8.1, bẹ́ẹ̀ sì rèé, PHP 7.4 ló bá Ubuntu 20.04 wá, ìyẹn ọ̀kan lára ẹ̀yà Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Ẹ fi PHP tuntun sórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí sáìtì ń gbé, ètò mìíràn tó wà níbẹ̀, tó jẹ́ 7.4 nìkan ló mọ̀, á dákú. Ẹ tún tọ̀hún ṣe, èyí á bàjẹ́. Tí ẹ bá fẹjọ́ sun ẹni tó kọ ètò náà, á ní lórí kọ̀ǹpútà tòun gbogbo nǹkan ń lọ geerege.

Ọdún 2013 ni Docker, ètò tó ń ṣe kọ̀ǹténà tó sì ń darí wọn, jáde, òun ló sọ kọ̀ǹténà di ohun tí gbogbo ènìyàn ń lò. Ètò àti ohun gbogbo tó nílò, tó fi mọ́ ẹ̀dà PHP tirẹ̀, á wà pa pọ̀ nínú kọ̀ǹténà kan. Linux kan ṣoṣo ni gbogbo kọ̀ǹténà orí sáfà ń pín lò, àmọ́ Linux náà ti pààlà sáàárín wọn, tí èyí ò fi lè rí fáìlì tọ̀hún. PHP 7.4 àti 8.1 á jọ máa gbé, ìjà ò sí.

Èyí tó wá dẹ iṣẹ́ náà lọ́rùn jù ni fáìlì kan báyìí, `compose.yaml`. Inú rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kọ̀ǹténà wo la fẹ́, ẹ̀dà wo, ibo ni dátà yóò máa wà. Ẹ ó rí ìlà bíi `image: mediawiki:1.43`; image ni àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ń ṣe kọ̀ǹténà. Ẹ tẹ `docker compose up -d`, gbogbo rẹ̀ á dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ ò pòórá o. Ọwọ́ ẹlòmíì ló bọ́ sí. Ohun tí kálukú ń fi òru jà tẹ́lẹ̀, àwọn tó ni project ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lójú tèmi, project tó ṣí kóòdù sílẹ̀, àmọ́ tó jẹ́ àwọn tó kọ ọ́ nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e dìde, ọ̀fẹ́ rẹ̀ kò tíì dé Kétu.

Ẹ wo ìlà `ports` inú fáìlì náà dáadáa, ibẹ̀ la ti ń ṣí ọ̀nà láti ìta wọ inú kọ̀ǹténà. Ará Kétu á tètè mọ̀ ọ́n: Àkàbà Ìdènà ni. Láyé ogun, odi àti yàrà yí ìlú ká, ẹnubodè yẹn ni àlejò ń gbà wọlé. Port 80 àti 443 ni ẹnubodè sáìtì. Dátábéèsì, tó ń lo 3306, inú odi ló yẹ kó jókòó sí. Wíkì á máa bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ `3306:3306` sábẹ́ `ports` ti dá odi lu fúnra rẹ̀, ufw, ètò tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sáfà, ò sì ní gbà á là, torí Docker máa ń gba ẹ̀yìn ufw kọjá.

Dátà ló kù. Kọ̀ǹténà ṣeé sọ nù, orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ò ṣeé sọ nù. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ wà ní `/var/lib/mysql` nínú kọ̀ǹténà MariaDB. Fọ́tò àti ohùn wà ní `/var/www/html/images` nínú ti MediaWiki. Àyàfi tí ẹ bá so méjèèjì mọ́ volume tí ẹ fún lórúkọ, ìyẹn àyè ìpamọ́ tó wà lóde kọ̀ǹténà, ọjọ́ tí ẹ bá pa kọ̀ǹténà rẹ́, ẹ lè má rí wọn mọ́. `docker compose down` kì í fọwọ́ kan volume tí ẹ fún lórúkọ. `docker compose down -v` á kó gbogbo rẹ̀ lọ, kò sì ní bi yín léèrè.

Tí ẹ̀dà tuntun bá jáde, ẹ yí nọ́ńbà inú fáìlì padà, ẹ tún tẹ `docker compose up -d`, kí ẹ wá ṣe `php maintenance/run.php update` nínú kọ̀ǹténà wíkì, òun ni yóò tún dátábéèsì tò. Àmọ́ ẹ fi `mariadb-dump` ṣe ẹ̀dà dátábéèsì ná, kí ẹ gbé e kúrò lórí sáfà yẹn, torí dátábéèsì tí MediaWiki tuntun bá ti tún tò, ti àtijọ́ lè má lè kà á mọ́.